Ìwé Àsìkò Òjò Tí Ọmọ Mi Yá

Gàrí wà lórí iná lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ìdí agbada kejì ni mo wà. Ọwọ́ mi kan di àfọ́ igbá tí mo fi ń rò ó mú, èkejì ń nu òógùn ojú. Ẹni tó bá ti dín gàrí rí mọ̀ pé kò sí ìsinmi nídìí rẹ̀. Bí o bá gbójú kúrò díẹ̀, ìsàlẹ̀ á jóná, gbogbo rẹ̀ á sì gba òórùn. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú wa, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà sẹ́míjàn lẹ́nu ọ̀nà wa, n kò dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa."

"Ẹ kú òde, Màmá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Bọ̀n, àlàáfíà náà kọ́." Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó. "Wọ́n ti ka orúkọ àwọn ọmọ tí yóò sọ̀tàn ìwé ní bibliotẹ́ẹ̀kì ní Sátidé. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ."

"Bóyá ẹ ò gbọ́ dáadáa ni."

"Etí tí mo fi ń gbọ́ ẹni tó bá pe búrẹ́dì ní òdìkejì títì? Mo bi tàǹtí oníwèé léèrè. Ó ní ìwé tí ọmọ rẹ yá kò tíì padà. Ó ní bí ìwé kò bá dé orí tábìlì òun kí ètò Sátidé tó bẹ̀rẹ̀, òun á fi ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kò bínú o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́."

"Ìwé wo ni kò padà?"

"Èmi kọ́ ni mo mú un. Ro gàrí rẹ, ó ti ń jóná."

Lóòótọ́ ló ń jóná. Agbada yẹn kò ṣeé gbé lọ ọjà, àwa nílé la jẹ ẹ́ tán.

Ẹni tí kò bá gbé Ifangni lè máa rò pé kí ló wà nínú kí ọmọ ọdún mẹ́jọ dúró sọ ìtàn ìwé kan. Bibliotẹ́ẹ̀kì wa, ilé ìkàwé ìlú, kò tóbi, yàrá méjì péré ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rì. Nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ, àwọn ọmọ kolẹ́ẹ̀jì ló máa ń wà níbẹ̀, àwọn náà a sì máa sùn lé ìwé wọn lórí. Ṣùgbọ́n bí fakáǹsì, ìsinmi ilé-ìwé, bá dé pẹ̀lú òjò, tí kò sí ibi tí ọmọ lè sá lọ, ibẹ̀ á kún. Ní Mọ́ńdè, àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa wo àwòrán. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á gé páálí àtijọ́, wọ́n á fi ṣe ẹran àti ilé. Ní Fúráídè, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, àgbàlagbà kan á wá pa àlọ́, àwọn tó lè kọ̀wé á máa kọ ọ́ sínú kàyé. Mo rántí pé bàbá kan láti Banigbé pa tiẹ̀ débi tí òun fúnra rẹ̀ fi gbàgbé ìparí, àwọn ọmọ ló bá a parí rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pátákó dúdú tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Bí ìgbà bá ti yí, tàǹtí oníwèé á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwé tó bá ìgbà náà mu síbẹ̀. Ní ìgbà òjò, ìwé odò, ìwé ọ̀pọ̀lọ́, ìwé ẹni tó rìnrìn àjò. Ní ìgbà ọyẹ́, ìwé tí ó nípọn, nítorí pé oòrùn àárọ̀ dùn ún jókòó sí. Bí ààwẹ̀ bá dé, àwọn kúkúrú ló máa ń kọ. Ó ní kí ebi má baà mú wa gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ kí a tó dé ìparí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú ọmọ mi débẹ̀, tàǹtí bi èmi náà pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo ń ṣe nílé?" Mo ní gàrí ni mo ń dín. Ó lọ sẹ́yìn, ó mú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá. "Èyí á bá ọ mu. Orí kan á parí kí iná agbada kejì tó jó dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí mo ti fi ìwé sílẹ̀. Oyún ọmọ yìí gan-an ni mo ní nígbà tó ku ọdún kan kí n jókòó fún ìdánwò báàkì. Mo sọ ọ́ bó ti rí. N kò fi bú ọmọ mi rí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n máa pè ní Sátidé yẹn.

Ìwé tí wọ́n yá a jẹ́ ìwé ọmọbìnrin kan tó ń wá ibi tí odò ìlú wọn ti ń ṣàn wá. Ewúrẹ́ kan tó ń tiro ló ń tẹ̀ lé e. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àwòrán sì wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá ọkọ mi bá ń fẹ́ iná ọbẹ̀, ọmọ mi á jókòó tì í, á ka ojú ewé kan, á sì sọ ọ́ di èdè wa. Ìyá náà kò mọ̀wé kà, àfi súrà tó há sórí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀.

"Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ṣé ó rí koríko jẹ?"

"Kò sí nínú ìwé, Ìyá àgbà."

"Ẹni tó kọ ọ́ kò sin ewúrẹ́ rí nìyẹn. Kà á lọ."

Ọjọ́ tí ó gbé ìwé náà wálé, ó ka òfin rẹ̀ fún wa bí ìgbà tí ó ń ka ẹ̀kọ́. Ẹyọ kan péré irú ìwé náà ló wà. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ikán kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ọmọ mìíràn ni yóò lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi mi orí, ó ní, "Mo gbọ́." Èmi kò tilẹ̀ fetí sí i dáadáa. Àlùbọ́sà ni mo ń gé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí gàrí jóná yẹn, Tọ́sìdeè, nígbà tí ọmọ mi wọlé, mo ti mọ̀ ní ojú rẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìwé dà?"

"Orí tábìlì ni mo fi sí, Màmá. Láti ọ̀sán Mọ́ńdè ni n kò ti rí i mọ́."

"Láti Mọ́ńdè, o ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí."

A tú ilé. A gbé àpótí aṣọ, a gbọn ẹní, mo tilẹ̀ wo inú àpò gàrí. Bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ bíríkìlà ní Kútọnu, ìyá ọkọ mi sì ti lọ sí Tchaada láti àárọ̀ Mọ́ńdè, nítorí ẹsẹ̀ ń dun àbúrò rẹ̀ tí kò lè ká àgbàdo oko rẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé kí n wá bí mo ṣe lè bi í. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kí ni yóò fi ìwé ṣe? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìgólò, létí ẹnubodè. Láti ìgbà tí ó ti gba ìwé yẹn ló ti ń sọ pé òun fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun rí ewúrẹ́ náà. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá sì ni ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ síbẹ̀.

"O gbé e fún un."

"N kò gbé e jáde nílé, Màmá. Orí tábìlì ni mo ti mú un kà ní Mọ́ńdè láàárọ̀."

"Sọ òtítọ́, n kò ní nà ọ́."

"Òtítọ́ ni mo sọ."

Mo gbá a létí. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ṣùgbọ́n mo gbá a. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí ọ̀rọ̀ kan tún jáde lẹ́nu mi. Mo so gèlè, mo fà á lọ́wọ́, a gun sẹ́míjàn lọ sí Ìgólò.

Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ta tòmátì agolo àti òróró níwájú ilé. Mo kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Ìwé? Nílé yìí? Ìwé tó wà lọ́dọ̀ mi ni èyí tí mo fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ẹ wò ó bóyá òun ni."

Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọ náà wo ọmọ mi, ó wò mí. "Kò mú ìwé wá. Ó kàn sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ni. Ó ní kí n wá gbọ́ ìyókù ní Sátidé."

Ìyá náà dẹ́kun ẹ̀rín. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi. "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ yìí ò jọ òpùrọ́." Ó fi bisikíìtì lé e lọ́wọ́. Ọmọ mi dúpẹ́, ó di í mú, kò jẹ ẹ́.

Bí a bá gun ọ̀kadà, àárín èmi àti ẹni tó ń wà á ni ọmọ mi máa ń jókòó, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á di ọwọ́ mi méjèèjì mú mọ́ ikùn rẹ̀. Nígbà tí à ń padà láti Ìgólò, ẹ̀wù ọkùnrin náà ló dì mú. Mo rí i. Mo ṣáà ń sọ fún ara mi pé bí kì í bá ṣe Ìgólò, ibòmíràn ló gbé e lọ.

Ní Fúráídè, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó máa ń sáré pàdé rẹ̀.

"Ìyàwó, ìyá mi dà?" Bí ó ti máa ń pe ọmọ mi nìyẹn. "Kí ló dé tó jókòó bí ẹni tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ gbé?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gba ẹrù, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àfi ti ìgbátí, n kò sọ ìyẹn.

"Ìwé ewúrẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó ṣe wá sọnù? Ó wà lókè." Ó sì fi ètè júwe àjà ilé ìdáná.

Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ ilé wa: igi ni wọ́n tò lókè ààrò wa, ibẹ̀ là ń so àgbàdo irúgbìn mọ́, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ní ìdì ìdì. Ojoojúmọ́ ni èéfín ń gba inú rẹ̀ kọjá, kòkòrò kò lè débẹ̀, ikán kò lè débẹ̀. Bí ebi bá pa wá tó, ẹnikẹ́ni kì í na ọwọ́ síbẹ̀. Ohun tó bá ti gun àjà yẹn, ti ọdún tó ń bọ̀ ni. Èmi tí mo tú gbogbo ilé, n kò gbójú sókè síbẹ̀ rárá.

Mo gun àpótí. Ìwé náà wà láàárín ìdì àgbàdo méjì, ìborùn ìkírun àtijọ́ ti ìyá ọkọ mi ló fi wé e. Etí ewé rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ.

"Ìyá mi sọ pé omi kò gbọdọ̀ kàn án," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ó ní ikán kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ọmọ mìíràn ni yóò lò ó lámọ́dún. Mo ní, irúgbìn nìyẹn. Orí tábìlì yẹn, òjò ń jò sí i. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni mo rí i níbẹ̀, mo sì gbé e síbi tí à ń gbé irúgbìn sí. Ikán tó jẹ ìwé kéwú bàbá ọkọ rẹ, ojú mi ló ṣe."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Màámi."

"Kí ni n ó sọ? Ta ní ń wá irúgbìn níbòmíràn?" Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àbí mo bà á jẹ́ ni?"

"Ẹ ò bà á jẹ́."

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo ìwé. Ó wò mí. Bí ó bá ti sọ pé "Ṣebí mo sọ fún yín," ìbá tù mí lára. Kò sọ ọ́. Ó lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, ó ṣí ìwé náà, wọ́n sì jọ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà ṣì wà.

Ní Sátidé, ìyá ọkọ mi wẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Mo ní kó sinmi, ó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn lánàá. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e pamọ́. Èmi ni n ó fi lé tàǹtí lọ́wọ́."

Tàǹtí oníwèé gba ìwé náà, ó ṣí i, ó gbé imú sún mọ́ ọn. "Màmá, kí ni ẹ fi ìwé yìí sè?"

Ìyá ọkọ mi sọ gbogbo rẹ̀, àgbàdo, èéfín, ikán. Kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Tàǹtí oníwèé gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá na ọwọ́ sí igun kan nínú yàrá kejì. "Màmá, ẹ wo ibẹ̀ yẹn. Òjò ń jò sí i. Ikán ti jẹ nínú ìwé mi níbẹ̀. Bóyá kí n máa kó wọn wá sílé yín." Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Tàǹtí ti fi ọmọ mìíràn rọ́pò ọmọ mi láàárọ̀ yẹn. Ọmọ náà ti dé, ó wọ aṣọ ọdún, ìyá rẹ̀ sì ti jókòó níwájú. Tàǹtí oníwèé wò ó, ó wò wá. "N kò lè ní kó lọ jókòó. Kò ṣẹ nǹkan kan. Bí gbogbo wọn bá parí, tí àwọn èèyàn bá ṣì wà, n ó pe ọmọ yín."

Gbogbo wọn parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín búrẹ́dì àti omi bísápù, àwọn èèyàn sì ti ń dìde, àga ń dún. Ìgbà yẹn ni wọ́n pe ọmọ mi. Ó dúró síwájú pẹ̀lú ìwé tó ń rùn bí ẹja, ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò dé ìjókòó kejì. Ó sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó dákẹ́. Mo di etí aṣọ mi mú.

Ìyá ọkọ mi pè é láti orí bẹ́ǹṣì, bí ẹni pé ọbẹ̀ ló ń rò. "Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ṣé ó rí koríko jẹ?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Ó rí i jẹ, Ìyá àgbà. Mo ti fi sí i."

Àwọn tó ti dìde rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn tún jókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìgólò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun àti ìyá rẹ̀. Ọmọ mi sọ gbogbo ìtàn náà, ní Faransé, lẹ́yìn náà ní èdè wa, ó sì fi koríko sí ibi tí kò sí. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò wo ìhà ibi tí mo jókòó sí.

Kí a tó kúrò, tàǹtí oníwèé mú ìwé mìíràn fún un, ó sì mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi. Mo gbà á. Ìyá ọkọ mi gun sẹ́míjàn ṣáájú, èmi àti ọmọ mi ń fẹsẹ̀ rìn.

Nílé tí mo dàgbà sí, àgbà kì í bẹ ọmọdé. Bí ìyá mi bá ṣì mí nà, orí ẹja tó tóbi jù ló máa ń bù sínú àwo mi, a ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi náà ti ra omi dídùn sápò fún un. Mo nà án sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́, kò ṣí i. Mo rántí bisikíìtì Ìgólò. Nígbà náà ni mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ìyànà ilé wa, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi fi bá tirẹ̀ dọ́gba.

Mo ní, "Òtítọ́ lo sọ fún mi ní Tọ́sìdeè. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbà ọ́ gbọ́, mo nà ọ́, mo sì mú ọ lọ síwájú èèyàn bí olè. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ìyá àgbà rẹ, kì í ṣe ìwé. Mo bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ mìíràn tí nǹkan bá sọnù nílé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni n ó kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìwọ á jọ wo òkè àjà."